Ère Noguchi ní Ọgbà Ueno: Kí Ni Ọkùnrin Yìí Rí Gan-an?

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin dé Ueno nílùú Tokyo, ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí ọgbà ni kí ẹ bá jáde. Ẹ ya sí ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ máa lọ títí ẹ ó fi rí ère àbùùbùtán ràgàjì kan tó dorí kodò níwájú ilé ńlá kan. Ilé yẹn ni ilé ìṣúra ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti orílẹ̀-èdè Jàpáànì. Láti ibẹ̀, bí ẹ bá ń lọ sí apá ibi tí omi ti ń tú sókè láàárín ọgbà, ẹ ó rí ọkùnrin kan tí wọ́n fi idẹ rọ, tó dúró sórí òkúta lábẹ́ igi. Ẹ̀wù gígùn àwọn oníṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ló wọ̀. Ó gbé ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sókè, irú èyí tí wọ́n ń da ẹ̀jẹ̀ sí láti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ra omi inú ọ̀rá tó kọ́kọ́ gbé e sójú oòrùn kó tó fi eyín já a.

Hideyo Noguchi lorúkọ rẹ̀. Láti ìdí òkúta dé orí rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 4 àbọ̀, nítorí náà ẹ óò gbójú sókè kí ẹ tó rí ojú rẹ̀. Lára òkúta ni wọ́n ti fín ọ̀rọ̀ Látìnì mẹ́rin sí, PRO BONO HUMANI GENERIS. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "fún ire ọmọ aráyé".

Ohun tó jẹ́ kí n kọ àlàyé yìí ni pé ìtàn mẹ́ta tí kò bára mu ni àwọn èèyàn ń sọ nípa ọkùnrin yìí. Àwọn kan ní òun ló rí kòkòrò tó ń fa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Àwọn kan ní òun ló ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń gún fún wa ká tó gba káàdì aláwọ̀ ìyeyè tí a ń mú wọ bàálù. Àwọn kan sì ní ẹlẹ́tàn ni, pé irọ́ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí èyí tó tọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá ju bí arìnrìn-àjò tó kàn fẹ́ ya fọ́tò ṣe lè rò lọ, torí ilẹ̀ wa níhìn-ín ni ìtàn ọkùnrin yìí parí sí. Ó ṣiṣẹ́ ní Accra, ó dé Èkó, ó sì padà sí Accra lọ kú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú orúkọ àti ọjọ́, torí ibẹ̀ ni àlejò ti ń ṣìnà. Noguchi ni orúkọ ìdílé. Àwọn ará Jàpáànì máa ń fi orúkọ ìdílé ṣáájú, nítorí náà Noguchi Hideyo ni ẹ ó rí nínú ìwé tiwọn, Hideyo Noguchi nínú ìwé òyìnbó. Ẹnì kan náà ni. Hideyo pàápàá kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i lọ́dún 1876. Seisaku ni wọ́n sọ ọ́. Ìgbà tó dàgbà ló ka ìtàn àròsọ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn oníwàkuwà inú rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tirẹ̀ gẹ́lẹ́, ló bá pààrọ̀ orúkọ ara rẹ̀. A ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, kò sì fẹ́ kí èyí rò ó.

Ti ọjọ́ ńkọ́? Àwọn ará Jàpáànì máa ń ka ọdún láti ìgbà tí ọba kan bá gorí oyè. Bí pátákó kan bá kọ ọdún 26 Shōwa, ẹ má ṣe rò pé 1926 ni wọ́n ń wí. Ẹ fi 1925 kún un, yóò fún yín ní 1951. Ọdún tí wọ́n gbé ère yìí nà ró nìyẹn. Ẹ fi 1951 sọ́kàn, a óò padà sí i. Saburo Yoshida ni agbẹ́gilére tó ṣe é.

Ní abúlé kan ní Inawashiro, ní ẹkùn Fukushima, ni wọ́n ti bí i, ilé tálákà paraku. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tó ṣubú sínú iná àdògán tó wà láàárín ilé. Àwọn ará abúlé Jàpáànì ìgbà náà máa ń gbẹ́ ojú iná sáàárín ilẹ̀ yàrá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se oúnjẹ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yáná. Ọwọ́ òsì ọmọ náà jóná, àwọn ìka rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ra wọn di kùkúté. Fún ọmọ àgbẹ̀, ọ̀ràn ńlá ni, torí ọwọ́ tí kò lè di ọkọ́ mú kò lè jẹun lóko. Shika ìyá rẹ̀ pinnu pé ọmọ náà á kàwé. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Kobayashi dúró tì í, wọ́n dáwó jọ nílé ìwé, dókítà kan tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà sì fi ọ̀bẹ tú àwọn ìka náà lọ́dún 1892. Ọwọ́ náà kò padà sípò tán, ṣùgbọ́n ó lè di nǹkan mú. Ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà rí ohun tí ìṣègùn lè ṣe, tó sì sọ pé dókítà lòun náà máa dà.

Lọ́dún 1900, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, ó lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Simon Flexner ní Philadelphia. Oró ejò ló fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1904, ó bá Flexner lọ sí ilé ìwádìí tí Rockefeller, olówó ará Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ ní New York, ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ sì ti kàn.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí n má sọ ti lẹ́tà ìyá rẹ̀. Shika kò lọ sílé ìwé. Àgbà ti dé sí i kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé díẹ̀díẹ̀, kó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ọmọ tó ti pẹ́ lókè òkun. Lọ́dún 1912 ló kọ lẹ́tà náà. Ìkọ̀wé rẹ̀ wọ́, àṣìkọ pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní kó tètè wá, kó tètè wá, kó tètè wá, ó tún un sọ léraléra. Ó ní òun ń kọjú sí ìwọ̀ oòrùn gbàdúrà, òun sì ń kọjú sí ìlà oòrùn gbàdúrà. Lọ́dún 1915, ọmọ náà wálé, ó mú ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò káàkiri, ó sì padà sí New York. Shika kú lọ́dún 1918. Ọmọ náà kò sí nílé. Ọdún yẹn gan-an ló wà ní Guayaquil, lórílẹ̀-èdè Ecuador, tó ń wá ohun tó ń fa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti díjú, ẹ jẹ́ ká rọra tú u.

Ẹ wo orúkọ tí àwọn baba wa fún àìsàn náà. Ojú á pọ́n, ìtọ̀ á pọ́n. Ohun tí ojú rí lára aláìsàn ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo ló ń mú ojú àti ìtọ̀ pọ́n. Àrùn ẹ̀dọ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àìsàn kan tún wà tí ìtọ̀ eku ń gbé wọ ara èèyàn láti inú omi àti ẹrẹ̀. Òun náà á mú ara gbóná, á mú ojú pọ́n, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde níbi tí kò yẹ. Kòkòrò tó ń fa ti ìtọ̀ eku yìí ni wọ́n ń pè ní leptospira, àwọn dókítà Jàpáànì ló sì kọ́kọ́ rí i, lọ́dún 1915. Ó rí wínníwínní, ó lọ́ bí okùn tí wọ́n ti lọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ awò máíkírósíkóòpù lò dáadáa máa rí i. Noguchi mọ̀ ọ́n lò ju ọ̀pọ̀ èèyàn ayé ìgbà rẹ̀ lọ. Kòkòrò lílọ́ yìí gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó dé Guayaquil, wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ojú wọn pọ́n fún un. Ó gún ẹ̀jẹ̀ náà sára àwọn ẹranko kéékèèké tí wọ́n ń lò nínú yàrá àyẹ̀wò. Àwọn kan nínú àwọn ẹranko náà ṣàìsàn, ojú wọn pọ́n, ó sì bá leptospira lára wọn. Ó ní òun ti rí i. Ó sọ ọ́ lórúkọ, ó ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí yóò dènà rẹ̀, wọ́n sì ń gún un fún àwọn èèyàn ní Gúúsù Amẹ́ríkà.

Níbo ni àṣìṣe wà? Àwọn ẹranko kéékèèké tó lò kì í ṣàìsàn bí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ bá wọ ara wọn, àmọ́ leptospira ń pa wọ́n. Bí a bá kó ẹ̀jẹ̀ oríṣi aláìsàn méjì tí ojú wọn jọ pọ́n sára ẹranko yẹn, ti oní-ìtọ̀-eku nìkan ló máa hàn. Èkejì á kọjá lọ wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò sí. Àwọn tí Noguchi rí leptospira lára wọn, àìsàn mìíràn ló ń ṣe wọ́n. Orúkọ kan ni àìsàn méjì ń jẹ́ lójú rẹ̀, bí ó ti rí lẹ́nu tiwa náà nígbà tí a bá ní pọ́njú-pọ́ntọ̀ ló ń ṣe lágbájá láì tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Kí ló ń fa ibà náà gan-an? Fáírọ́ọ̀sì ni, ẹ̀fọn ló sì ń gbé e kiri. Ti ẹ̀fọn yẹn ti pẹ́ nílẹ̀. Carlos Finlay, dókítà ọmọ Cuba, ti sọ ọ́ láti 1881, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí Walter Reed ṣáájú wọn sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Havana lọ́dún 1900. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ Reed tún sẹ́ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ó sì bá a pé ohun tó ń fa ibà náà bá omi ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú asẹ́. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ ohun tí mò ń wí. Bí a bá da àgbàdo lílọ̀ sínú asẹ́, èérí á dúró sókè, ògì á bá omi lọ sísàlẹ̀. Kòkòrò àrùn tí máíkírósíkóòpù ìgbà náà lè fi hàn, èérí ni púpọ̀ nínú wọn, asẹ́ á dá wọn dúró. Fáírọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ kéré ju ihò asẹ́ lọ, ó sì kéré ju ohun tí máíkírósíkóòpù Noguchi lè rí. Ohun tó tún wá da ọ̀rọ̀ rú ni pé leptospira tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé òun náà lè yọ́ gba inú asẹ́ mìíràn kọjá. Nítorí náà, nígbà tí àwọn kan ní ohun tó ń fa ibà yìí máa ń gba asẹ́ kọjá, Noguchi lè dáhùn pé tòun náà ń kọjá. Ọkùnrin yìí kò purọ́. Ohun tó rí wà níbẹ̀ lóòótọ́, kì í kàn ṣe ohun tó ń wá ni.

Lọ́dún 1926, Max Theiler, ọmọ tí wọ́n bí ní South Africa, pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé kòkòrò tí Noguchi sọ lórúkọ tuntun kò yàtọ̀ sí ti ìtọ̀ eku. Láti ìgbà yẹn ni ilẹ̀ ti ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ Noguchi.

Ẹ jẹ́ ká wá sí Yaba. Láti 1925 ni àjọ Rockefeller ti gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí ibà yìí wá sí Èkó, Yaba ni wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí, àdúgbò kan náà tí ilé ìwádìí ìṣègùn Nàìjíríà, NIMR, wà lónìí. Wọ́n wá leptospira lára àwọn aláìsàn ilẹ̀ wa títí, wọn kò rí i. Wọn kò sì rí ẹranko tí ibà náà lè mú, torí àwọn ọ̀bọ igbó wa ti bá àrùn yìí gbé pẹ́, kì í sábà ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n kó oríṣi ọ̀bọ kan wá láti Íńdíà ni ilẹ̀kùn ṣí. Ní oṣù kẹfà 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan ní Kpeve, ní Gold Coast, ilẹ̀ tó di Ghana lónìí. Asibi lorúkọ rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n àìsàn náà kò le lára rẹ̀, ó sì yè é. Wọ́n gún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sára ọ̀bọ Íńdíà kan. Ọ̀bọ náà kú.

Láti ara ọ̀bọ yẹn ni Adrian Stokes, ọmọ Ireland, pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Bauer àti Hudson, ti gbé ibà náà lọ sára ọ̀bọ mìíràn, wọ́n fi ẹ̀fọn gbé e láti ara ọ̀bọ sí ọ̀bọ, wọ́n sẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó gba asẹ́ kọjá. Fáírọ́ọ̀sì ni. Èkó ni iṣẹ́ yìí ti parí. Kí wọ́n tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ibà náà mú Stokes fúnra rẹ̀. Lórí ibùsùn àìsàn rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ìwádìí náà, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀fọn mu lára rẹ̀. Ó kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án 1927. Orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú lórí ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Oṣù méjì lẹ́yìn ikú Stokes ni Noguchi gúnlẹ̀ sí Accra. Ó mọ̀ pé wọ́n ń sọ pé òun ṣìnà, ó sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Mo bọlá fún un nítorí èyí. Ó ti lé ní ẹni 50 ọdún, òkìkí rẹ̀ ti kàn, ó lè jókòó sí New York kó máa fi ìwé jà. Dókítà òyìnbó kan, William Young, tó jẹ́ ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò ní Accra, fún un ní ibi tó ti lè ṣiṣẹ́. Ó fi òru ṣe ọ̀sán nídìí àwọn ọ̀bọ tó ń lò. Ní oṣù karùn-ún 1928, ó wá sí Èkó wá bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní Yaba wò. Bó ṣe padà dé Accra ni àìsàn gbé e dè. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni. Wọ́n ní ohun tó sọ fún Young lórí ibùsùn ni pé kò yé òun. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù náà. Young náà kó o, ó sì kú kí oṣù náà tó parí. Inú itẹ́ òkú Woodlawn ní New York ni wọ́n sin Noguchi sí, kì í ṣe ìdí ère yìí. Ẹ má ṣe bá àwọn tó ń sọ pé sàréè ni ère náà lọ.

Ẹ rántí 1951 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Lọ́dún 1937, Max Theiler, ẹni tó sọ pé Noguchi ṣìnà, tó sì ti wá ń ṣiṣẹ́ nílé ìwádìí Rockefeller ní New York, ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà ibà yìí ní tòótọ́. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà lára Asibi ló fi ṣe é. Ó tún un gbìn lé ní ìgbà 100 nínú ẹran ara ọmọ adìyẹ tí kò tíì jáde nínú ẹyin, títí agbára rẹ̀ láti ṣèèyàn níbi fi tán, àmọ́ tí ara èèyàn ṣì ń dá a mọ̀ tó ń múra dè é. 17D ni wọ́n pè é. Lọ́dún 1951, wọ́n fún Theiler ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbé ère Noguchi nà ró ní Ueno.

Abẹ́rẹ́ 17D yìí ni wọ́n ṣì ń gún fún wa títí di òní, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì tó fún gbogbo ayé ẹni. Káàdì tí ẹni tó ń rìnrìn àjò fi sáàárín páspọ́ọ̀tù rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin Kpeve yẹn ló ti ṣẹ̀ wá. Ó dùn mí pé orúkọ Noguchi ni ọmọ ilé ìwé ní Jàpáànì mọ̀, tí àwa tí à ń gba abẹ́rẹ́ náà lójoojúmọ́ kò mọ orúkọ Asibi. Ibà náà kò sì tíì lọ. Lọ́dún 1987 ó jà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára ibi tó ti pààyàn. Lọ́dún 2017, lẹ́yìn tó ti pẹ́ tí a kò gbọ́ ọ mọ́, ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn, Kwara, ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì gbà á, kó lọ gbà á, ì báà má rìnrìn àjò lọ síbì kankan.

Wàyí o, bí Noguchi bá ṣìnà lórí ibà, kí ló wá fi gba ère? Ohun kan wà tó rí tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Láyé ìgbà náà, ilé ìtọ́jú wèrè kún fún àwọn tí orí wọn dàrú, tí apá àti ẹsẹ̀ wọn ń rọ díẹ̀díẹ̀ títí wọn ó fi kú. Àwọn kan ní ìwà wọn ló fà á, àwọn kan ní ìdílé wọn ni. Lọ́dún 1913, Noguchi ń wo ọpọlọ àwọn tó ti kú báyìí lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, òru lẹ́yìn òru, ló bá rí kòkòrò sífílíìsì, àrùn tí ìbálòpọ̀ ń tàn kálẹ̀, nínú rẹ̀. Ó di mímọ̀ pé irú wèrè yìí, àrùn ni, kòkòrò ló ń fà á, kòkòrò sì ṣeé tọ́jú. Nígbà tí oògùn penicillin dé lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìwòsàn tẹ̀ lé e. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ kò gbà á.

Ohun tí kò sí lára òkúta ère náà ni mo tún gbọ́dọ̀ sọ. Ní nǹkan bíi 1911 sí 1912, Noguchi fẹ́ mọ bóyá èèyàn lè fi abẹ́rẹ́ kékeré lábẹ́ awọ mọ ẹni tó ní sífílíìsì. Àwọn tí wọ́n gún un fún, aláìsàn ilé ìwòsàn wà nínú wọn, ọmọ aláìlóbìí wà nínú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní àrùn náà. Kò sẹ́ni tó gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà pariwo lé e lórí nígbà náà, wọ́n sì jàre. Mo lè bọlá fún ọwọ́ jíjóná tó wá di ọwọ́ ọ̀mọ̀wé, kí n má sì fi ti àwọn ọmọ wọ̀nyẹn pamọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ère ṣe lè ṣìnà, kó má tíì kúrò nínú ọgbà yẹn. Ère orí dókítà ará Holland kan tó ń jẹ́ Bauduin wà níbẹ̀, ẹni tó gba ìjọba Jàpáànì nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi ilẹ̀ Ueno ṣe ọgbà fún gbogbo ìlú. Lọ́dún 1973 ni wọ́n gbé ère orí rẹ̀ síbẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé fọ́tò àbúrò rẹ̀ ni wọ́n fún ẹni tó ṣe é. Lọ́dún 2006 ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n fi ojú ẹni tó ni ín síbẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà gúúsù, ère jagunjagun Saigō Takamori pẹ̀lú ajá rẹ̀ wà níbẹ̀ láti 1898. Wọ́n ní nígbà tí ìyàwó rẹ̀ rí i, ó ní ọkọ òun kò rí báyìí.

Ojú Noguchi tún wà lórí owó yẹ́ẹ̀nì 1000 láti 2004. Ní oṣù keje 2024, wọ́n fi ti Kitasato Shibasaburō rọ́pò rẹ̀ lórí owó tuntun. Kitasato yìí ni ọ̀gá ilé ìwádìí tí Noguchi ti ṣiṣẹ́ ní Tokyo kó tó lọ sí Amẹ́ríkà. Owó àtijọ́ náà ṣì ṣeé ná, ẹni tí wọ́n bá fún ní ṣéńjì lè rí i. Ìjọba Jàpáànì sì dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀ fún àwọn tó ń gbógun ti àrùn nílẹ̀ Áfíríkà. Lọ́dún 2008 ni wọ́n kọ́kọ́ fún èèyàn ní ẹ̀bùn náà, Miriam Were ọmọ Kenya sì wà lára àwọn tó gbà á.

Fún àwa tí Tokyo jìnnà sí, ibi tó sún mọ́ wa jù ni Accra. Láti 1979 ni ilé ìwádìí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti wà ní yunifásítì Legon. "Noguchi" lásán ni àwọn ará Ghana ń pè é, ibẹ̀ sì ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò kòrónà lọ lọ́dún 2020. Yàrá tí ọkùnrin náà ti ṣiṣẹ́ ṣì wà nílé ìwòsàn Korle Bu. Láti Èkó, ẹ gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé àti Aflao, ẹ ó dé Accra. Ẹ mú káàdì ìyeyè yín dání, torí wọn yóò béèrè rẹ̀ ní ẹnubodè.